Ẹ jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù mọ̀ wá kó tó kúrò ní ọ́fíìsì

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mò ń ṣe. Láti Ìbàdàn la ti ń gbé láptọ́ọ̀pù ilé iṣẹ́ lọ sí Òkè-Ògùn, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tún fojú kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì.

Ní oṣù tó kọjá, ibà dá mi dùbúlẹ̀ ní Ìgbòho. Wọ́n rán àbúrò wa kan lẹ́nu iṣẹ́ wá láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù tó ń lò lójoojúmọ́ ní Ìbàdàn, láptọ́ọ̀pù ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú u. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ti tò síta láti àárọ̀, ni mo bá fún un ní pásíwọ́ọ̀dù tèmi. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ṣiṣẹ́, orúkọ mi ló wà lórí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àṣìṣe jáde nínú ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ kan, èmi ni wọ́n pè wá ṣàlàyé ohun tí mi ò kọ. Ó dùn mí wọra, nítorí ọdún 11 rèé tí mo ti ń ṣọ́ orúkọ mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wa ló là mí lóye. Tí Windows, ètò tó ń darí láptọ́ọ̀pù wa, bá jìnnà sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì, kìkì ẹni tó ti wọlé sórí rẹ̀ rí lọ́fíìsì ló lè dá mọ̀. Ẹni 10 tó wọlé kẹ́yìn ló sì máa ń rántí, àfi tí wọ́n bá yí iye yẹn padà. Bákan náà, ẹni tó bá pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù lórí kọ̀ǹpútà mìíràn ní Ìbàdàn, èyí àtijọ́ ni láptọ́ọ̀pù tó wà lóko ṣì mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá ọ́fíìsì gbogbo, mo bẹ̀ yín: ẹnikẹ́ni tó bá ṣeé ṣe kó fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù lọ́nà oko, kó kọ́kọ́ wọlé sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọ́fíìsì. Ẹni tí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ń parí lọ, kó pààrọ̀ rẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù yẹn gan-an kó tó gbéra. Ẹ wo aago rẹ̀ pẹ̀lú: bó bá fi ohun tó ju ìṣẹ́jú 5 lọ yàtọ̀ sí ti ọ́fíìsì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè kọ̀ ọ́ nígbà tó bá padà dé.

Láptọ́ọ̀pù mẹ́rin ń lọ sí Ṣakí lọ́jọ́ Ajé. Mo ti kọ orúkọ àwa mẹ́fà tí yóò lò wọ́n fún ọ̀gá wa, mo sì ń retí èsì wọn.

Èmi ni,
Òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera kan, Ìbàdàn