Àṣàkẹ́, má fi ọ̀rọ̀ àyà rẹ ṣeré

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá Kẹ́mi, mo kí àwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni mo ń bá ọ rín nítorí ìyá àgbà tó gbàgbé eyín rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì tí o ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà kejì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí o sọ kẹ́yìn, bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ sí: pé tí o bá ń gun àtẹ̀gùn ibùdó rélùwéè tòun ti báàgì lọ́wọ́, ńṣe ni àyà máa ń fún ọ, wàá fara ti ògiri díẹ̀, á sì lọ. O ní ọjọ́ orí ni. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, oorun ò kùn mí mọ́. Mo ní kí n kúkú kọ lẹ́tà, kí ó wà lọ́wọ́ rẹ kí o lè máa tún un kà.

Ẹni ọdún 54 ni wá, Àṣàkẹ́. Ọjọ́ orí kì í fún ni láyà.

Mo sọ fún ọ nígbà kan pé ara bàbá Túndé ò yá, ṣùgbọ́n mi ò sọ bó ṣe rí gan-an. Ọjọ́ Sátidé kan ni, ọdún méjì sẹ́yìn. A ti òde ìnáwó dé, wọ́n ní àyà ń ta àwọn bí ẹni tó gbé ata mì. Mo ní inú ló ń ṣe wọ́n. Mo fún wọn ní oògùn inú tí a máa ń lò, mo ní kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀. Kó tó tó wákàtí kan, síńgílẹ́ẹ̀tì ọrùn wọn ti rin gbingbin fún òógùn, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́ lù wọ́n. Wọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀tún wọ́ ọwọ́ òsì, wọ́n ní ó wúwo bí ìgbà tí èèyàn so àpò sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn, pé àgbọ̀n náà ń ro àwọn. Èmi ṣì ń wá omi gbígbóná kiri. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ló gbọ́ ohùn mi tó gòkè wá. Ó wo ojú wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, “Màmá Túndé, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá, kíá.”

Ìkọlù ọkàn ni. Dókítà mú ìwé, ó yà á fún mi kó lè yé mi. Ọkàn ló ń tu ẹ̀jẹ̀ sí gbogbo ara, ṣùgbọ́n òun náà ní láti jẹun. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan wà lára rẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọ. Ọ̀rá á máa lẹ̀ mọ́ inú wọn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣé o rántí páìpù ilé bàbá yín ní Òkè-Àdó, ọjọ́ tí wọ́n gé e tí a rí i pé ìpẹtà ti dí inú rẹ̀, tó ku ihò tí ìka ọmọdé ò lè wọ̀? Bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ yẹn, omi ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí ó ṣe rí nìyẹn. Lọ́jọ́ kan ọ̀rá náà á sán, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ọ̀nà á dí, apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ìṣẹ́jú lórí ìṣẹ́jú. Àyà tó ń fún èèyàn bó bá ń gun òkè, tó ń lọ bó bá dúró, lè jẹ́ àmì pé ọ̀nà ti há. Oṣù mẹ́ta gbáko ni bàbá Túndé fi ní irú rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Wọn ò sọ, torí wọn ò fẹ́ kó mi láyà sókè. Wákàtí tí mo fi oògùn inú ṣòfò yẹn, ó ṣì máa ń jí mi lóru.

Nítorí náà, kí o tó ka ìyókù lẹ́tà yìí, pe ọ̀dọ̀ dókítà rẹ lónìí. Sọ fún wọn pé àyà ń fún ọ nígbà tí o bá ń gun àtẹ̀gùn. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, má bu omi là á, má sì ní “ó rẹ̀ mí díẹ̀ ni.” Tó bá sì jẹ́ pé o jókòó jẹ́ẹ́ ló mú ọ, tí kò lọ, tí òógùn ń bò ọ́ tàbí tí èébì ń gbé ọ, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀ yẹn, ni kí o pè lójú ẹsẹ̀. Má wa ọkọ̀ fúnra rẹ. Ó lè má rí bíi ti bàbá Túndé. Dókítà ní nígbà míì, ẹ̀yìn ló máa ń ro àwa obìnrin, tàbí kí inú máa rú wa, tàbí kí mímí nira.

Ìgbà tí mo ń bá dókítà yẹn sọ̀rọ̀ ni mo dárúkọ rẹ, mo ní mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní iṣẹ́ rẹ wà nínú ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, dókítà kan níbẹ̀, Jeremy Morris, fojú sí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì. Dírẹ́bà jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kọ̀ǹdọ́ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gba owó, àtẹ̀gùn bí 600 lójúmọ́. Ọkọ̀ kan náà, títì kan náà. Nígbà tí èsì jáde ní 1953, àwọn dírẹ́bà ni ìkọlù ọkàn ń mú jù, òun ló sì ń pa wọ́n jù. Kọ̀ǹdọ́ ò sí nínú bọ́ọ̀sì yín mọ́, Àṣàkẹ́. Ẹni tó jókòó nìkan ló kù.

Ṣùgbọ́n èyí tó wọ èmi aránṣọ lákínyẹmí ara ni pé wọ́n tún lọ wo ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ wọn. Ní 1956 wọ́n gbé e jáde pé ìbàdí ṣòkòtò àwọn dírẹ́bà fẹ̀ ju ti àwọn kọ̀ǹdọ́ lọ, kódà láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ọ́. Bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìwé ìwọ̀n mi sílẹ̀, mo ń ṣí i láti ẹ̀yìn. Gbogbo wa ló wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ wà lójú ewé tí mo kọ aṣọ ẹbí ìgbéyàwó Bísí sí, ní 2009: ìbàdí, 32. Èyí tí o ní kí Kẹ́mi fi tépù wọ̀n ránṣẹ́ ní Kérésì tó kọjá: 41. Ṣé o rí i, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo gé aṣọ, mo rán an, kò sì sọ nǹkan kan sí mi lọ́kàn. Dókítà ní tí ìbàdí obìnrin bá ti ju íńṣì 35 lọ, kó yáa wá nǹkan ṣe, torí ọ̀rá tó wà ní ikùn ló léwu fún ọkàn jù. Èmi náà wà ní 38 lọ́jọ́ yẹn. Mo ti dé 36 báyìí.

Rírìn ló gbé mi débẹ̀, rírìn àti ìkòkò ọbẹ̀. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀, ìyẹn 150 ìṣẹ́jú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kó má dín. Ìrìn tó lè mú èèyàn mí díẹ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì lè sọ̀rọ̀. Mọ́kọ́lá sí Sábó, a ó sì yí padà. Ìwọ, jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ wò ọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà ìsinmi rẹ láàárín iṣẹ́, má jókòó sínú yàrá ìsinmi yẹn; jáde, rìn yí ọgbà ọkọ̀ ká.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ló le fún mi jù, torí ọwọ́ mi lọkọ mi ti ń jẹun. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ ní ọsíbítù, mo se ọbẹ̀ bí mo ṣe máa ń sè é, àmọ́ mo kọ́kọ́ da gbogbo iyọ̀ sínú àwo funfun kan kí n lè fojú rí i. Mo fọ́ màgí mẹ́fà sí i. Mo bu iyọ̀ bí ọwọ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n bù láti ilé ìyá mi. Mo ń wo òkìtì yẹn, omi ń bọ́ lójú mi. Gíráàmù 5 ni wọ́n ní kí àgbàlagbà má jẹ kọjá lóòjọ́, kò sì ju ṣíbí tíì kan lọ, tòun ti iyọ̀ inú búrẹ́dì, inú màgí àti inú ẹja agolo.

Mo gé e sí ìdajì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Túndé ní ọbẹ̀ náà dà bí omi ìfọwọ́. Nígbà tó máa fi tó oṣù kan ààbọ̀, a lọ síbi ìsìnkú kan, Túndé yìí kan náà ló gbé ṣíbí sílẹ̀ tó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ìrẹsì wọn. Irú ló gbà wá. Irú pẹ̀tẹ̀, èyí tí wọn ò fi iyọ̀ sí. Èèyàn ní láti bèèrè, torí àwọn kan máa ń fi sí i kó má baà bàjẹ́. Mo fi àlùbọ́sà, átalẹ̀ àti ẹ̀fìnrìn kún un, ata rodo sì wà. Epo, mi ò pa á tì, ṣíbí ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, mi ò dà á láti ẹnu kẹ́ẹ̀gì mọ́. Ẹja ni mo ń yan, mi ò dín in. Ẹ̀wà di ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ̀fọ́ pọ̀ ju ẹ̀bà lọ nínú abọ́ wa báyìí, ṣàkì àti ìfun sì di ti ọjọ́ ọdún.

Mo mọ̀ pé ìwọ ò ní Ọjà Bódìjà lẹ́yìn ilé. Tí o bá sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́, ilé ìtajà adìẹ díndín nìkan ló ṣí. Mi ò dá ọ lẹ́bi. Àmọ́ se ẹ̀wà lọ́jọ́ tí o bá wà nílé, bù ú sínú ike, kó o sínú fírísà. Kí o sì máa wo àwọ̀ tí wọ́n ń kùn sára páálí oúnjẹ níbẹ̀: níbi tí iyọ̀ bá ti ju gíráàmù 1.5 lọ nínú gíráàmù 100 oúnjẹ, pupa ni wọ́n ń kùn ún. Dá a padà sórí pẹpẹ.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ẹ̀yà wa. Àwọn onímọ̀ kan, tí àwọn ará Ìbàdàn wà nínú wọn, wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nínú 100, àwọn 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọ̀ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, 26 ní Kàríbíánì, 33 lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà. Ní 1997 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Orírun kan náà, ibùgbé àti ìgbé ayé ló yàtọ̀. Àwa tó wà nínú ìlú ńlá nílé náà ti ń jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún báyìí, a sì ń jókòó bí wọ́n ṣe ń jókòó.

Ẹ̀jẹ̀ bàbá Túndé jẹ́ 170 lórí 105 lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ 140 lórí 90 ni wọ́n ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní oògùn nílé o! Ìgbà tí orí bá fọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń lò ó. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dún, Àṣàkẹ́. Ẹni tó bá ń dúró de orí fífọ́ ti pẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo oògùn báyìí, mo ti pa àgbo tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀ tì. Níbi tí o wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tó ti lé ní 40 ní ọ̀pọ̀ ilé olóògùn, NHS, ètò ìlera ìjọba yín, sì ń ṣe àyẹ̀wò ọlọ́dún márùn-ún fún ẹni ọdún 40 sí 74. Ìwọ tí àmì ti hàn lára rẹ, má dúró de ìyẹn.

Bá mi bẹ bàbá Kẹ́mi nítorí sìgá. Lẹ́yìn ọdún kan tí èèyàn bá ti jáwọ́, ewu tí sìgá ń fi kún ti ọkàn á ti dín sí bí ìdajì. Èéfín tí wọ́n ń fà níwájú ilé ń wọlé bá ọ náà.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì ń dùn mí jù. Ní oṣù Kẹfà tí mo ní kí o fowó kún owó ilé-ìwé Túndé, Kẹ́mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé iṣẹ́ òru méje lo fi ṣe é léra wọn. O ò sùn nítorí mi. Gbogbo ilé ló ń pè ọ́, o ò sì mọ bí a ṣe ń sọ pé kò sí. Mo bẹ̀ ọ́, kọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́, èmi ni kí o sì fi bẹ̀rẹ̀. Sùn. Pa fóònù nígbà tí o bá dé láti iṣẹ́ òru. Àwa tó ń tọrọ ò ní kú.

Bàbá Túndé ti ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, aago mẹ́fà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Wọ́n ní kí n kí ọ, pé kí o má ṣe bíi tàwọn. Màá fi irú rán ẹni tó ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá. Tí o bá ti jáde lọ́dọ̀ dókítà, kí o tó wọ ọkọ̀, fi ohùn ránṣẹ́ kí o sọ iye tí ẹ̀jẹ̀ rẹ jẹ́ fún mi. Fóònù mi á wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́