Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Oníbúrẹ́dì sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Lórí Ọjà Wa Tí Wọ́n Fipá Tà

Ọlọ́lá jùlọ, Alága wa,

A kí yín, a kí àwọn kánsẹ́lọ̀ yín. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí sáà yín tu ìlú lára.

Àwa oníbúrẹ́dì la kọ ìwé yìí. Kò sí ilé tó ń jí ládùúgbò yìí tí kì í fi iṣẹ́ ọwọ́ wa panu. Ẹ̀yin pàápàá, búrẹ́dì wa lẹ fi ṣe àlejò lọ́jọ́ ìbúra yín. Owó rẹ̀ ò tíì pé, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ la wá sọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn kan tí wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rán àwọn dá ọkọ̀ wa mẹ́ta dúró lójú ọjà. Wọ́n ní búrẹ́dì ti wọ́n jù. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye tó wù wọ́n sára ọkọ̀, wọ́n sì tà á tán. Iye náà kò tó owó fúláwà nìkan, ká má tíì sọ ti ṣúgà, yíìsì àti dísù. Owó tí wọ́n pa, a ò rí i. Tíréè wa, a ò rí i. Wọ́n tún gbá awakọ̀ wa kan létí, bàbá ọlọ́mọ. A ò pè wọ́n lólè. Kí ẹ̀yin náà bá wa wá orúkọ tí à bá pè wọ́n.

Alága wa, àwa kọ́ la sọ búrẹ́dì di ọ̀wọ́n. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ ní fúláwà ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 kí ìjọba àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023 ti kọjá ₦1,500 nínú oṣù Kejì 2024. Ta ni yóò rà á lọ́wọ̀n-ọ́n kó tà á lọ́pọ̀? Ẹ̀yin àgbà rántí 1984, nígbà tí àwọn sójà ń já ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń ta ọjà oníṣòwò ní ẹ̀dínwó. Ayọ̀ ọjọ́ kan ni. Ọjà tó kù wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ.

Bí ìjọba bá fẹ́ kí búrẹ́dì rọjú, kó fún wa ní iná lóru. Dísù tí a ò bá sun, a ó yọ owó rẹ̀ kúrò. Ẹ wá yẹ ìwé wa wò. Ti tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún wa lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ àti gọ́tà ọjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ dá owó àti tíréè padà, kí ẹ sì pè wá jókòó kí ẹnikẹ́ni tó tún dá iye lé ọjà wa. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ fẹ́ ká paná ààrò láti ọjọ́ Ajé. Àwa àgbà la ní ká kọ́kọ́ kọ̀wé. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin, la ó ṣèpàdé. A ó ka èsì yín sí wọn létí, bó bá ti dé.

Àwa ọmọ yín,
Alága, Akọ̀wé àti Ìyá Ẹgbẹ́