Ìwádìí ti wọ yàrá ìgbẹ̀bí

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o! Báwo ni òtútù Manchester? Báwo ni àwọn ọmọ? Àwa náà wà n'Ìbàdàn, a dúpẹ́.

O bi mí bóyá mo ti di olùwádìí. Ẹ̀rín pa mí. Ìwọ náà mọ̀ pé láyé ìjọ́un, bí a bá ti gbọ́ ìwádìí, ṣe là ń sá. Wọ́n á gbé fọ́ọ̀mù dé, wọ́n á da ìbéèrè bo aláìsàn, wọ́n á lọ, a ò sì ní gbúròó wọn mọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn o! Àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn níbí, nítorí àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà, iṣẹ́ wọn dé òkè òkun: àwọn ló fi hàn pé àrùn náà kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbà ibẹ̀ tó bó ṣe wà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí mò ń wí yìí, agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é bó ṣe ń gbẹ̀bí.

Ṣó o rántí bí a ṣe máa ń wo ẹ̀jẹ̀ bí ìyá bá bímọ tán? Ojú la fi ń wọ̀n ọ́n. A ó wo bẹ́ẹ̀dì, a ó ní kò pọ̀. Kó tó pọ̀ lójú wa, ara ìyá ti ń gbọ̀n. Ní báyìí, ọ̀rá kan là ń tẹ́ sábẹ́ ìyá. Ó ní àpò nísàlẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí, wọ́n sì fa ìlà sí àpò náà lára. Bó bá dé 300 mílílítà, ojú wa á là. Bó bá dé 500, àríyànjiyàn tán: ká fọwọ́ ra ilé ọmọ, abẹ́rẹ́ oxytocin tó ń mú ilé ọmọ sún kì, tranexamic acid tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, dírípù, ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibì kan ya. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni, a kì í dúró wo ọ̀kan kí a tó mú èkejì.

Ilé ìwòsàn 80 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tàǹsáníà ni wọ́n ti dán an wò, láàárín àwọn ìyá tó lé ní 210,000. Nígbà tí èsì jáde ní 2023, ẹ̀jẹ̀ ńlá àti aburú tó ń tẹ̀lé e ti fi ìdá 60 nínú 100 dín kù. Ẹ̀yin náà ṣe irú ẹ̀ lọ́hùn-ún ní 2020, tí ẹ fi mọ̀ pé dexamethasone, oògùn pọ́ọ́kú tó ti wà tipẹ́, ń gba ẹ̀mí àwọn tí Kòrónà dá dùbúlẹ̀ sórí ọ́síjìn.

Ìyá àgbà kan gbá mi mú lọ́jọ́ kan: "Nọ́ọ̀sì, ṣé ọmọ mi lẹ fẹ́ fi dán nǹkan wò ni?" Mo ní, "Màmá, ìgbà tí a ń fojú wọn ẹ̀jẹ̀ gan-an la ń fi àwọn ìyá dán nǹkan wò." Ó wò mí títí, ó ní kí n ṣáà bá òun tọ́jú ọmọ òun.

Ìṣòro ò tán o. Bí ọ̀rá bá tán, ẹbí aláìsàn ló ń sáré rà á. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé à ń kọ iye ẹ̀jẹ̀ tí a wọ̀n sílẹ̀ lóru, ẹnikẹ́ni kì í padà wá sọ ohun tí àwọn nọ́ńbà náà fi hàn fún wa. Mo ní kí wọ́n máa lẹ èsì oṣooṣù mọ́ ògiri yàrá wa. Àwọn ọ̀gá ní àwọn á rò ó.

Níbi iṣẹ́ tìrẹ, ta ló ń ka ohun tí ẹ̀ ń kọ? Kọ ọ́ ránṣẹ́ ní kíkún, kí n rí nǹkan gbé síwájú wọn nípàdé. Bá mi kí Bàbá Ìbejì.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Dàmọ́lá
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn