Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, kí ó tó wọ ọkọ̀ ìwádìí

Èbúté-Mẹ́ta,
Èkó.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ẹ ti parí ìwé yín ní Akoka? Láti ìgbà tí a ti gbọ́ pé wọ́n ti fi orúkọ rẹ sára àwọn tó ń bá ọkọ̀ ìwádìí lọ fún ọgbọ̀n ọjọ́ ni ìyá rẹ ti ń di ẹrù rẹ, tó sì tún ń tú u. Ìwé ni èmi yàn láti kọ, torí ohun tí mo bá bá ọ sọ lórí fóònù, kí o tó dé ìdíkọ̀ ni yóò ti fò lórí rẹ.

Ẹ ń lọ wo àwọn ẹranko agbedeméjì òkun, àwọn tí kì í gbé òkè omi, tí wọn kì í sì í fara kan ilẹ̀ ìsàlẹ̀, láti nǹkan bí 200 mítà lọ sí 1,000 mítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fi èyí sọ́kàn ṣáájú ohun gbogbo: ẹranko tí a kò mọ bí ibi tí a ti mú un ṣe jìn tó, tí a kò mọ ọjọ́ àti aago tí a mú un, ẹja ọbẹ̀ ni. Kò tilẹ̀ tó ẹja ọbẹ̀, torí púpọ̀ nínú wọn kò ju ìka ọwọ́ rẹ lọ. Epo tí ọkọ̀ ń jó, owó oṣù àwọn atukọ̀, oorun tí ẹ kò sùn, orí bébà kékeré inú ìgò ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Pẹ́ńsù ni kí o máa fi kọ bébà yẹn. Àwọn kan á fún ọ ní máàkà, wọ́n á ní omi kò lè pa á rẹ́. Òótọ́ ni, omi kò pa á rẹ́. Ẹtanọ́ọ̀lù, ọtí líle tí a fi ń pa ẹran mọ́, ló ń pa á rẹ́. Kọ nọ́ńbà ibùdó, nọ́ńbà àwọ̀n, ìjìnlẹ̀ méjèèjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ ibi tí àwọ̀n gbà (bíi 400–600 m), ọjọ́, aago, ibi tí ọkọ̀ wà, àti oògùn tí o fi pa ẹran náà mọ́. Inú ìgò ni bébà ń wọ̀. Èyí tí o bá lẹ̀ mọ́ ìdérí, àlékún ni, nítorí tí ogún ìgò bá ti wà lórí tábìlì tí ọkọ̀ ń mì, ìdérí máa ń pààrọ̀ ọkọ.

Ó ku aago. UTC, aago tí gbogbo àgbáyé jọ ń lò, ni wọ́n fi ń kọ gbogbo àkọsílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí aago Èkó. Tí aago ọwọ́ rẹ bá sọ pé aago méje alẹ́ ti lù, 18:00 ni wàá kọ. Wákàtí kan lè má jọ nǹkan kan lójú ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland ti tọ́ dàgbà, àmọ́ àsìkò tí oòrùn ń wọ̀ gan-an ni àwọn ẹranko yìí ń gòkè wá jẹun. Wàá rí i lójú echosounder, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo inú omi, tí ìró rẹ̀ bá wà lórí 38 kHz: ìpele kan tó nípọn dúró sí 400 tàbí 500 mítà ní ọ̀sán, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bí èéfín ààrò, títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè omi. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí àwọn ọmọ ogun ojú omi kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, ó jọ pé ilẹ̀ òkun ni wọ́n rí, àfi pé ilẹ̀ kì í rìn. Tí o bá ṣi wákàtí kan kọ lásìkò yẹn, o ti gbé ẹja tó wà ní 100 mítà padà sí 400. Láàárín aago méjìlá sí aago kan òru, ọjọ́ gan-an yàtọ̀: ní Èkó ó ti di Ọjọ́rú, nínú ìwé ọkọ̀ Ìṣẹ́gun ṣì ni. Yí aago ọwọ́ rẹ sí UTC kí ọkọ̀ tó kúrò ní Àpápá. Fi fóònù sílẹ̀ lórí aago Èkó fún oúnjẹ àti àdúrà.

Bí ó bá jẹ́ àwọ̀n MOCNESS ni ẹ óò lò, irin onígun mẹ́rin kan ni, èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóòró sì sábà máa ń ní àwọ̀n mẹ́sàn-án. Bí ọ̀kan bá ti pa dé, èkejì á ṣí, ìyẹn ni ẹ fi ń mọ ẹran ìjìnlẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ọkọ̀ á máa fà á jẹ́jẹ́, bíi nọ́ọ̀tì (ìwọ̀n eré ọkọ̀ ojú omi) kan àbọ̀ sí méjì. Má jẹ́ kí ojú rẹ kúrò lára igun irin náà lórí kọ̀ǹpútà: 45 dígírì ni ẹ fẹ́. Tí ọkọ̀ bá sáré jù, irin á fẹ̀yìn lélẹ̀. Tó bá falẹ̀ jù, á dúró ṣánṣán. Ọ̀nà méjèèjì ni iye omi tó gba ẹnu àwọ̀n kọjá fi ń yí padà, ìṣirò yín á sì wọ́. Ẹni tó wà ní yàrá atukọ̀ ni kí o tètè ké sí lórí rédíò, òun ló lè tún eré ọkọ̀ ṣe.

Kí àwọ̀n tó wọ omi, fi ìka yí fáànù kékeré tó ń ka omi, kí o rí i pé nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ. Bí jẹ́lífíìṣì bá há sí i lábẹ́ omi, á dákẹ́, ẹ ò sì ní mọ̀ àfi tí ẹ bá wo nọ́ńbà náà léraléra. Fi ọwọ́ ara rẹ fa garawa ìdí àwọ̀n kọ̀ọ̀kan wò. Garawa tí wọn kò so dáadáa máa ń já bọ́, gbogbo ohun tí àwọ̀n yẹn kó á sì bá a lọ. Tí ó bá gòkè, ìta ni kí ẹ ti fi omi fọ̀ ọ́, kì í ṣe ẹnu rẹ̀, torí omi tó ń jáde látinú rọ́bà omi dẹ́kì, omi òkè òkun ni, ó ní àwọn ẹranko tirẹ̀ nínú.

Lẹ́yìn èyí, ìwọ àti ooru ló kù. Ní 1,000 mítà, omi tutù dé nǹkan bí 4 tàbí 5°C. Omi òkè níbí ń gbóná tó 27 tàbí 28. Àwọn tí kò ní àpò afẹ́fẹ́ nínú, ooru yìí ló ń yára pa wọ́n ju ìtẹ̀ omi tó kúrò lára wọn lọ. Nítorí náà, kó omi òkun tí a ti sẹ́ sínú yàrá tútù láti ìrọ̀lẹ́, kí ó ti dúró dè yín kí àwọ̀n tó dé. Má da yìnyín sínú rẹ̀ o. Omi aláìníyọ̀ á wú ara wọn bẹ́. Ìgò omi dídì tí o dé pa ni kí o gbé sínú abọ́.

Fi ṣíbí gbé wọn, má fi irin ẹlẹ́nu méjì fún wọn. Mú ọ̀kan nínú àwọn ẹja kékeré oníná, yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí o sún iná tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn: wàá rí àwọn ẹ̀yà iná rẹ̀ tó tò nísàlẹ̀ ikùn bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé. Òun ló fi ń bo òjìji ara rẹ̀ mọ́ ẹni tó ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Bí ìlẹ̀kẹ̀ náà ṣe tò ni a fi ń dá irú ẹ̀yà rẹ̀ mọ̀, àwọ̀n sì máa ń bó wọn dànù pẹ̀lú awọ. Ya fọ́tò kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, nítorí àwọ̀ kì í pẹ́ ṣí nínú oògùn. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni kí o yà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni kí o ti gé ẹran fún DNA.

Ẹtanọ́ọ̀lù 95% ni ẹran DNA ń wọ̀, kí o sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 24, torí omi ara ẹran á ti là á. Odindi ẹranko ń wọ fọ́máàlìn: fún lítà 5, da mílílítà 500 fọ́máàlìn sínú lítà 4 àbọ̀ omi òkun, kí o fi borax sí i kí ó má kan. Fọ́máàlìn tó bá kan á jẹ òkúta kékeré inú etí ẹja tí ẹ fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ ìbọ̀wọ́, dúró sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín. Bó bá ta sí ọ lójú, omi ni, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, má wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ohun kan wà tí kò ní bá àwọ̀n wá ní odindi. Àwọn ẹranko tí ara wọn dà bí jẹ́lì, irú siphonophore àti ctenophore, ń fọ́ yángá nínú àwọ̀n. Ohun tí wàá bá nínú garawa jọ ògì tí a po. Ọ̀pọ̀ ctenophore sì ń yọ́ tán nínú fọ́máàlìn. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rán ẹ̀rọ oníkámẹ́rà lọ sísàlẹ̀. Má kọ òdo síwájú orúkọ wọn. Kọ ọ́ pé: «jẹ́lì, kò ṣeé dá mọ̀, mílílítà 300». Ẹni tó bá kọ òdo ti purọ́ mọ́ òkun, ẹlòmíràn á sì gbé irọ́ náà lọ sínú ìwé.

Lórí dẹ́kì, bósùn, olórí àwọn òṣìṣẹ́ dẹ́kì, ni ọba. Bó bá jẹ́ àgbà ọmọ ilẹ̀ wa, «ẹ» ni o máa pè é, bí gbogbo yàrá ìwádìí tilẹ̀ ń pe ara wọn lórúkọ. Wọ akoto, bàtà onírin àti láífù jákẹ́ẹ̀tì. Má fo wáyà tó le kọjá, má dúró sínú ìká okùn. Ilẹ̀kùn irin ń gé ìka tí ọkọ̀ bá yí, nítorí náà ìmú ilẹ̀kùn ni kí o dì mú, kì í ṣe etí rẹ̀. Fèrè kúkúrú méje àti gígùn kan túmọ̀ sí pé kí o lọ síbi ìpéjọ rẹ, pẹ̀lú ìborí tàbí láìsí i.

Wákàtí méjìlá lẹ óò sábà ṣiṣẹ́, méjìlá lẹ óò sinmi, ẹnì kan sì ń sùn nígbà gbogbo, má fi ilẹ̀kùn gbá. Omi ìwẹ̀ níye. Ẹ̀fọ́ tútù kì í kọjá ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ìyá rẹ ti di ata gígún sínú ọ̀rá mẹ́ta. Oògùn òòyì, alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ni kí o ti lò ó. Tí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, òun náà á bá a jáde. Cabin biscuit wà níbẹ̀, atalẹ̀ wà níbẹ̀. Ọjọ́ méjì mẹ́ta, ara rẹ á gbà á. Títí di ìgbà náà, jìnnà sí ojú maikirosikóòpù.

Pẹ́ńsù méjìlá ni mo rà ní Ìdúmọ̀tà, 2B ni gbogbo wọn, mo sì ti gbẹ́ mẹ́fà. Àpò ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n wà. Má yá ẹnikẹ́ni.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.