Gbóyèga, bá mi ka lẹ́tà yìí fún Àjàyí

Gbóyèga ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni o, màmá Àjàyí ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú àìsùn ọ̀rọ̀ orúnkún Àjàyí ọmọ ẹ tí iṣan ẹ̀ já yìí. Mo gbọ́ voice note tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ Sátidé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, mo sì ń gbọ́ ohùn ọmọ yẹn lẹ́yìn ẹ tó ń sọ pé ẹ fi òun sílẹ̀ jàre, ayé òun ti bàjẹ́, látìgbà yẹn ọkàn mi ò balẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún! Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi voice note dá ẹ lóhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí gùn, mo sì fẹ́ kí Àjàyí fúnra ẹ̀ rí i kà, kó tún rí i kà lọ́jọ́ tí ọkàn ẹ̀ bá tún rẹ̀wẹ̀sì, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ kó mọ̀. Àjàyí lorúkọ tiẹ̀ náà, Jay Ajayi. Running back ni, nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń dé akoto gbá yẹn, èyí tí ìwọ máa ń sọ pé ìjàkadì ni wọ́n ń jà. Iṣẹ́ running back ni pé wọ́n á fi bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, á há a mọ́ abíyá, á wá ihò láàárín géńdé mọ́kànlá tí gbogbo wọn fẹ́ gbé e ṣánlẹ̀, á sì kó sínú ihò yẹn kó tó dí. Yáàdì ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́ ẹ̀, yáàdì kan náà tí ìwọ fi ń wọn àǹkárá ní ṣọ́ọ̀bù ẹ. Ẹni bá sáré 100 yáàdì lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní ó ṣiṣẹ́ gidi.

London ni wọ́n bí i sí ní oṣù kẹfà ọdún 1993, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí ẹ̀, ọmọ ọdún méje ló wà nígbà tí wọ́n kó wá sí Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa yìí ló kọ́kọ́ fẹ́ràn, Arsenal lẹgbẹ́ ẹ̀, bíi ti Àjàyí ẹ gẹ́lẹ́. Frisco ní Texas ló ti ṣe high school, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà sì dà bí ẹ̀sìn ní Texas, ibẹ̀ ló ti wọ̀ ọ́ lára, ìgbà tó parí, Boise State ní Idaho gbà á sí yunifásítì.

Ó yá, ní kó fetí sílẹ̀ dáadáa níbí yìí. Ní 2011, ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yunifásítì yẹn, iṣan orúnkún ẹ̀ já. ACL ni wọ́n ń pè é, èyí kan náà tí dókítà dárúkọ fún ẹ. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, kò tíì gbá géèmù kan ṣoṣo fún wọn, ó fi gbogbo sáà yẹn jókòó. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nípa ẹ̀ látibí lọ, lẹ́yìn tí orúnkún yẹn já ló ṣe é. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyẹn.

Ní 2014, ó sáré 1,823 yáàdì nínú sáà kan ṣoṣo, bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i tó hán tún mú 535 yáàdì wá, kò sì sẹ́ni tó tíì sáré 1,800 kó tún fi ọwọ́ hán 500 nínú sáà kan ní ìpele bọ́ọ̀lù yunifásítì yẹn rí. Àwa tá a mọ bọ́ọ̀lù ń retí pé ibi gíga ni wọ́n ti máa mú un nígbà draft 2015, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń tò yan àwọn ọmọ yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìròyìn bá gba ìlú kan pé wọ́n ti wo orúnkún ẹ̀, pé egungun ti ń ha egungun níbẹ̀, pé kò ní í pẹ́ kó tó jẹrà. Èèyàn 148 ni wọ́n pè kí wọ́n tó pe orúkọ ẹ̀. Bá mi rò ó wò, Gbóyèga, kéèyàn jókòó síwájú tẹlifíṣàn pẹ̀lú ẹbí ẹ̀, kí wọ́n máa pe àwọn tó mọ̀ pé òun dára jù lọ, títí ilẹ̀ fi ṣú, tílẹ̀ tún fi mọ́, nítorí eegun orúnkún. Miami Dolphins ló mú un ní róùn-ún karùn-ún.

Ọdún àkọ́kọ́ ò rọrùn, egungun ìhà ẹ̀ ló tún ṣe é. Ìgbà tí sáà 2016 bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú ẹlòmíì ṣáájú ẹ̀, inú bí i, kóòṣì bá fi í sílẹ̀ nílé, wọn ò mú un lọ sí Seattle fún géèmù àkọ́kọ́ rárá. Mi ò ní sọ pé ó ṣe dáadáa bó ṣe bínú yẹn, ọmọdé ni. Àmọ́ ó padà síbi iṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá, ó dojú kọ Pittsburgh, ó sáré 204 yáàdì. Gbogbo pápá yẹn láti òpin kan dé ìkejì, láìka ibi tí wọ́n ti ń gba ayò wọlé, 100 yáàdì ni, ó wá sáré ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn èèyàn ń dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀! Ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀, Buffalo wá, 214. Àwọn tó tíì sáré 200 yáàdì ní géèmù méjì léra kí ó tó dé, mẹ́ta péré ni. Nígbà tó di ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, wọ́n tún pàdé Buffalo yẹn nílé wọn, nínú òtútù, 206. Sáà yẹn parí, 1,272 yáàdì. Orúnkún tí wọ́n ní ó ti jẹrà o.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá 2017 ni Miami gbé e fún Eagles, ẹgbẹ́ ìlú wa níbí ní Philadelphia. Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e ló kọ́kọ́ gbá fún wọn, wọ́n ń gbá pẹ̀lú Denver. Ṣọ́ọ̀bù baba onígbàjámọ̀ ará Liberia kan ní Southwest Philly ni mo wà, ó ti fá apá kan orí mi, apá kejì ṣì kún. Wọ́n fi bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, ó yà sọ́tùn-ún, ó bọ́ sí gbangba, kò sẹ́ni tó bá a títí tó fi gbé e dé òpin pápá, 46 yáàdì. Mo fò sókè tòun ti aṣọ tí wọ́n so mọ́ mi lọ́rùn. Mo pariwo, "Àjàyí Ògídí Olú, oníkànga àjípọn!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní kí ni mo sọ. Mo ṣàlàyé fún wọn pé orúkọ yẹn, a kì í fún ọmọ lásán, ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ jáde nínú ìyá ẹ̀ ló ń jẹ́ ẹ, pé àmútọ̀runwá ni, oríkì ẹ̀ sì ni mo kì yẹn. Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n bí Àjàyí ẹ, bí bàbá wa ṣe sáré dé látọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kò tún sórúkọ míì mọ́. Mo wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pè é, torí ẹnu ni wọ́n fi ń fa orúkọ ọlọ́rúkọ ya. Dò dò mí. À-jà-yí. Baba onígbàjámọ̀ yẹn pè é títí ó fi mọ̀ ọ́n pè, ó wá padà fá apá tó kù.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì 2018, Eagles na Patriots ní Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, 41 sí 33, Minneapolis ni wọ́n ti gbá a. Ife àkọ́kọ́ irú ẹ̀ tí Eagles máa gbà látìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àjàyí sáré 57 yáàdì lọ́jọ́ náà. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n gbé ife wọ ìlú. Iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, mi ò lọ sílé, mo dúró sí Broad Street, òtútù ń gé mi létí. Mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni dáadáa nínú àwọn tó wà lórí bọ́ọ̀sì, èrò ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní iwájú mi gan-an, òyìnbó kan gbé ọmọ ẹ̀ kékeré kọ́rùn, ọmọ náà wọ jẹ́sì 36, ó tóbi jù ú lọ, ó bò ó dé ẹsẹ̀, wọ́n sì kọ AJAYI gàdàgbà sẹ́yìn ẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé mi kì í sunkún.

Mi ò ní parọ́ fún ọmọ yẹn, ìwọ náà má parọ́ fún un. Orúnkún padà wá. Ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, nínú géèmù Minnesota, ACL tún já. Ó gbìyànjú, Eagles tún gbà á padà ní ìparí 2019, géèmù mẹ́ta péré ló ṣe é mọ, bó ṣe parí nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àwọn kan níbí máa ń sọ pé ó ṣòfò, inú máa ń bí mi. Ṣòfò báwo? Látìgbà tó kọ́kọ́ já ní 2011 títí dé ìgbà yẹn, ọdún méje ló fi sáré lórí orúnkún tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìda. Ní 2020 ó tún lọ ń gbá FIFA orí géèmù fún Philadelphia Union, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ìlú yìí, bọ́ọ̀lù tó ti fẹ́ràn láti kékeré náà ló padà sí. Inú mi dùn sí i gan-an.

Ní kí Àjàyí ṣe físíò ẹ̀ láàárọ̀ láalẹ́, kódà bó bá ń dùn ún, kó má jẹ́ kí orúnkún yẹn gan. Owó iṣẹ́ abẹ, mo ti fi apá tèmi ránṣẹ́ sí ìyàwó ẹ, kì í ṣe sí ẹ, mo mọ̀ pé o máa fẹ́ dá a padà.

Ẹnì kan ń bọ̀ nílé ní oṣù Kejìlá láti ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo fẹ́ fi irú jẹ́sì 36 yẹn rán an sí Àjàyí. Gbé téèpù ẹ, wọn àyà àti èjìká ọmọ yẹn fún mi, kó o fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Èmi ni tìẹ,
Dọ̀tun