Ta Ló Rán Ọmọ-Ogun Náà?

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Kristi,

Ọ̀rọ̀ ìkórè ni mo ti kọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí. Mo ti gbé e tì. Ẹni tó bá wà láàárín wa láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ ìdí rẹ̀: ọ̀rọ̀ ẹnì kan nínú wa ni àwọn kan ń fi ránṣẹ́ kiri lórí fóònù. Ẹni tí kò bá mọ ẹni tó jẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kó má bi ẹnikẹ́ni.

Ẹ ṣí Jòhánù 19, ẹsẹ 34: “Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ogun náà fi ọ̀kọ̀ gún un ní ẹ̀gbẹ́, lójúkan náà ẹ̀jẹ̀ àti omi sì tú jáde.”

“Ṣùgbọ́n” yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ padà sí ẹsẹ 31. Ohun tí àwọn Júù tọrọ lọ́wọ́ Pílátù ni pé kí wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó wà lórí igi, kí wọ́n lè gbé wọn kúrò kí ọjọ́ ìsinmi tó wọlé. Àwọn ọmọ-ogun ṣẹ́ ti ẹni àkọ́kọ́, wọ́n ṣẹ́ ti ìkejì. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Jésù, wọ́n rí i pé ó ti kú, wọn ò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ti parí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan gbé ọ̀kọ̀. Ta ló rán an? Àwọn olùkọ́ kan ní ó fẹ́ mọ̀ dájú pé ẹ̀mí ti bọ́ ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ 33 ti sọ fún wa pé wọ́n ti rí i kí ọ̀kọ̀ tó dé. Ẹni tó ti kú ni ọmọ-ogun yìí gún.

Bíbélì kò dárúkọ rẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ àtijọ́ ló ń pè é ní Longinus, orúkọ tó jọ ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì ń pe ọ̀kọ̀. Wọ́n tún so ó pọ̀ mọ́ balógun ọ̀rún inú Mátíù 27 tó ní, “Lóòótọ́, Ọmọ Ọlọ́run ni ẹni yìí í ṣe.” Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni o, kì í ṣe Ìwé Mímọ́. Àmọ́ erékùsù kan wà ní gúúsù Manila ní ilẹ̀ Philippines, Marinduque lorúkọ rẹ̀, tí wọ́n ń fi gbogbo Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ṣe ìtàn yìí lójú títì lọ́dọọdún. Moriones ni wọ́n ń pe ayẹyẹ náà. Wọ́n ní àlùfáà Àgùdà kan ní ìlú Mogpog, Dionisio Santiago, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì ti di ti Boac àti Gasan pẹ̀lú.

Arábìnrin kan láti ibẹ̀, tí òun àti ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù, ló sọ ọ́ fún mi. Láti ọjọ́ Ajé Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni àwọn ọkùnrin ti ń wọ aṣọ ọmọ-ogun Róòmù, pẹ̀lú àṣíborí àti ìbòjú igi tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ pupa àti dúdú, irùngbọ̀n rẹ̀ kún, ojú rẹ̀ ranjú. (Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rò ó pé egúngún ni. Rárá. Wọn ò pe ara wọn ní ará ọ̀run. Ọmọ-ogun tó kan Jésù mọ́ igi ni wọ́n ń ṣe.) Ó fi fọ́tò ìbòjú bàbá rẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi hàn mí. Ibi tí iwájú orí ti ń kàn án nínú, òógùn ti sọ igi ibẹ̀ di dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àsìkò yẹn lọ́dọ̀ wọn, oòrùn ń mú, bàbá náà á sì gbé e rìn láàárín ìlú lọ́jọ́ kan dé èkejì. Ẹ̀jẹ́ ló jẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló ń ronú lé lórí lábẹ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ni.

Àwọn fi ojú pamọ́ láti ronú pìwà dà. Àwa ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nọ́ńbà tí a kò mọ olúwa rẹ̀, ìbòjú ni. “Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, mo kàn fi ránṣẹ́ ni,” ìbòjú ni. “Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún ẹnì kan,” tí ẹ wá sọ gbogbo ohun tí ẹni náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó ṣe àmín, ìbòjú ni, èyí tó burú jù sì ni. Mo jókòó nínú ilé kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Fóònù dojú délẹ̀ lórí tábìlì, ó ń gbọ̀n, ó ń sún díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí tábìlì, ẹni tó ni ín kò jẹ́ gbé e. Ó ní, “Pásítọ̀, mo ti jẹ́wọ́. Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́?” N kò rí èsì fún un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn àgbà ìjọ ti jókòó lé e lórí. A ti sunkún, a ti báni wí, a ti gbàdúrà. Ta ló wá rán yín? Àwọn bàbá wa ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọfà tó jáde nínú ìjọ yìí lọ́sẹ̀ yìí, n kò lè kà á tán. Àwọn kan nínú yín gun orí pẹpẹ kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá pẹ̀lú ọwọ́ kan náà. Ojú tì mí fún wa.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn Marinduque. Wọ́n ní ojú kan Longinus fọ́. Nígbà tó gún Jésù, ẹ̀jẹ̀ ta sí ojú yẹn, ó sì là. Lọ́jọ́ Àjíǹde, òun ló ń sáré káàkiri ìlú, tó ń kígbe pé Jésù ti jí, tí àwọn ọmọ-ogun ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lé e. Wọ́n á mú un, á bọ́, wọ́n á tún lé e, títí wọn á fi bẹ́ ẹ lórí níṣojú gbogbo ènìyàn. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Àmọ́ Jòhánù fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní ẹsẹ 37 pé, “Wọn yóò máa wo ẹni tí a gún lọ́kọ̀,” ẹni tó sì gún un wà lára àwọn tó lè wò ó.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fẹ́ràn yín. Mo máa wà ní yàrá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ẹtì láti agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀kùn á ṣí. Ẹni tó bá wọlé, n kò ní bi í pé ṣé òun ni. A ó kúnlẹ̀ pọ̀, nítorí èmi náà gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ Ajé tí n kò tètè dá dúró.

Ìkéde, nítorí àyè ti tán: Ẹ̀kọ́ Bíbélì Ọjọ́rú ti di agogo méje alẹ́. Àpòòwé ìkórè wà lọ́wọ́ àwọn alámòójútó ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó gbé kúlà ńlá ti ilé ìdáná lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà. Ìyá Ìjọ ń wá àwọn tó máa gbé oúnjẹ lọ sí ilé kan ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òun ló máa sọ ilé náà fún yín. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má gbé e sí ẹnu ọ̀nà kí ẹ máa lọ. Ẹ wọlé, kí ẹ jókòó.