Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Àwọn Òbí: Lórí Ọ̀rọ̀ Ọmọ Tó Bá Fi Orí Gbá Nǹkan

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àdúrótì. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé sáà kejì parí lójú ẹ̀mí gbogbo wa.

Ìwé èsì ìdánwò yóò wà lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì ní ọjọ́ Ẹtì. Òbí tàbí alágbàtọ́ fúnra rẹ̀ ni kó wá gbà á. Owó ilé-ìwé kò yí padà. Àwọn ọmọ JSS 3 tó ń múra BECE yóò wọlé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú àwọn yòókù. Ilé Aláwọ̀ Ewé ló gba ife ẹ̀yẹ eré ìdárayá. Oko ilé-ìwé wa, èyí tí àwọn kan bú mi sí nígbà tí mo kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, ti bọ́ ilé ìdáná wa ní tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewúro fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn ọmọ ló gbìn ín, àwọn ló ro ó, àwọn náà ló ṣe ìṣirò iye tó wọlé. Mi ò mọ ẹ̀kọ́ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ọkọ́ kéékèèké síi.

Ọ̀rọ̀ tó mú kí lẹ́tà yìí gùn ni ti ọmọ JSS 2 tó forí gbárí pẹ̀lú ọmọ mìíràn ní àṣekágbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ yín ti pè mí, àwọn mìíràn sì ti kọ ọ̀rọ̀ gbígbóná sórí WhatsApp ẹgbẹ́ òbí.

Ọmọ náà kò dákú. Ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó ní kò sí nǹkan, kóòṣì sì jẹ́ kó padà sórí pápá. Àṣìṣe nìyẹn. Kì í ṣe ti kóòṣì nìkan, ti èmi náà ni, nítorí n kò fún un ní òfin kankan tí yóò tẹ̀ lé. Ẹ ní a kò pe ìyá rẹ̀: a pè é lẹ́ẹ̀mẹta, nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ wa kò lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọmọ náà, iná ń ta á lójú, ó sì ń bínú sí àwọn àbúrò rẹ̀ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ ló mì, ohun tí wọ́n ń pè ní concussion.

Ẹ̀yin tó ń béèrè pé kí ló ṣe ọmọ tí kò dákú: ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí irú èyí ṣe kì í dákú rárá. Ọpọlọ máa ń mì nínú agbárí bí pupa ẹyin ṣe ń mì nínú ẹyin tí èèpo rẹ̀ kò sán. Òòyì, èébì, ìgbàgbé, oorun tó dàrú, àìlè farabalẹ̀ sí ìwé, gbogbo wọn lè dé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tàbí ní ọjọ́ kejì. Àwòrán CT, èyí tí ẹ̀rọ fi ń ya inú orí, tí ẹ ní a kò tètè ṣe, máa ń fi ẹ̀jẹ̀ tó dà tàbí eegun tó fọ́ hàn. Kì í sábà fi mímì yìí hàn. Dókítà ló ń pinnu ọmọ tó nílò rẹ̀.

Bí ọmọ bá ń bì léraléra, bí gìrì bá mú un, bí kò bá ṣeé jí, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń lọ́, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, bí ẹyinjú kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, tàbí bí orí fífọ́ náà bá ń le sí i, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ní Ìbàdàn yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH ní ọdún 1962. Kò yẹ kí ọmọ wa kankan jókòó sílé pẹ̀lú irú àmì bẹ́ẹ̀ kí a máa fi àbóníkì ra á lórí.

Ìyá ọmọ náà, nínú ìfẹ́, kò jẹ́ kó sùn mọ́jú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti í mọ́ yàrá òkùnkùn fún ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí ìwé, kò sí ọ̀rẹ́. Ọmọ tí dókítà bá ti yẹ̀ wò lè sùn. Àwọn onímọ̀ tó pàdé lórí ọ̀rọ̀ concussion nínú eré ìdárayá ní Amsterdam ní ọdún 2022 sì ti là á yé wa pé ìsinmi wákàtí 24 sí 48 ló tó: kó dín fóònù àti tẹlifíṣọ̀n kù, lẹ́yìn náà kó máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ìhámọ́ pípẹ́ kì í ṣe ìtọ́jú. Fún orí fífọ́, parasitamọ́ọ̀lù ní ìwọ̀n tó bá ọmọ mu. Ẹ má fún un ní ibuprofen ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ fún un, ẹ má sì fún ọmọdé ní aspirin rárá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Tiwa ni láti gbà á padà díẹ̀díẹ̀: ìdajì ọjọ́ lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ìdánwò, fìlà lórí bí oòrùn bá ń ta á. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ yìí ṣe nígbà tó padà ni bíbomi rin ẹ̀fọ́ ní oko, ó sì yá a lára.

Láti ìsinsìnyí, ọmọ tó bá fi orí gbá nǹkan kò ní padà sórí pápá lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó sọ pé ara òun yá tó. Kò ní gbá bọ́ọ̀lù kankan kó tó lè ka ìwé ní gbogbo ọjọ́ láìsí ìnira. Lẹ́yìn náà ni yóò máa padà sí eré díẹ̀díẹ̀ ní ìpele mẹ́fà, ó kéré tán ọjọ́ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé dókítà yóò sì dé ọwọ́ wa kó tó kọlu ẹnikẹ́ni lórí pápá. Òbí méjì ti bẹ̀ mí pé kí n dá ti ọmọ tiwọn sí nítorí ìdíje ìpínlẹ̀. Ẹ má bínú, n kò ní ṣe é. Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2006, Zackery Lystedt, ọmọ ọdún 13, fi orí gbálẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù tiwọn níbẹ̀, wọ́n sì dá a padà sórí pápá lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀jẹ̀ dà sí i lọ́pọlọ. Ó pẹ́ púpọ̀ kó tó tún lè sọ̀rọ̀. Ọdún 2009 ni ìpínlẹ̀ náà ṣòfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. N kò fẹ́ kí a fi orúkọ ọmọ yín pe òfin kankan.

Fọ́ọ̀mù kan wà nínú ìwé èsì. Ẹ kọ nọ́ńbà méjì tó ń lọ sí i, ẹ fọwọ́ sí òfin tuntun náà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ ìwọlé. Ọmọ tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò bá dé kò ní kópa nínú eré ìdárayá.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ọmọ títọ́,
Ọ̀gá Ilé-ìwé